Owó Oṣù 85,000, Ilé 400,000: Ṣé Ó Gbé E?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, iṣẹ́ akọ̀wé ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ṣágámù. 85,000 náírà ló ń wọ ọwọ́ mi lóṣù. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Ìkẹ́nnẹ́ ni mò ń gbé, mo máa ń fún wọn ní 15,000 fún oúnjẹ. 1,500 ni owó ọkọ̀ mi lójúmọ́, àlọ àtàbọ̀, ọjọ́ 24 ni mo sì fi ń lọ síbi iṣẹ́ lóṣù. Mo máa ń fi 10,000 ránṣẹ́ sí màmá mi. Mo ti pé ọmọ ọdún 28 báyìí, mo fẹ́ dá dúró. Ajẹ́ǹtì kan mú mi lọ wo mínì-fláàtì kan ní Mákùn, ní Ṣágámù níbí, 400,000 lọ́dún. Tí mo bá ń gbé ibẹ̀, 600 péré ni màá máa wọ ọkọ̀ lójúmọ́. Àmọ́ nígbà tó ṣírò owó tán, ó ní kí n lọ mú 620,000 wá: 60,000 fún àgírímẹ́ǹtì, 60,000 fún kọmíṣàn, 100,000 fún kọ́ṣọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé owó oṣù mi gbé ilé yìí?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, rárá ni o. Owó oṣù rẹ kò gbé e. Mo tètè sọ ọ́ nítorí mo mọ bí ilé tuntun ṣe máa ń wọ èèyàn lójú, ó ṣeé ṣe kí o ti máa fọkàn yan ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà. O ṣe dáadáa gan-an tí o béèrè kí o tó san kọ́bọ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá àwọn onílé bójú tó ilé wọn ní Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó ń wá bá mi lẹ́yìn tó ti sanwó pọ̀ ju ẹni tó ń wá ṣáájú lọ.

Oṣù-oṣù ni owó ń wọlé fún ọ, ọdún-ọdún ni owó ilé ń jáde. Ibẹ̀ ni wàhálà ilé yíyá lọ́dọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pín 400,000 sí oṣù méjìlá, 33,333 ni, ẹni tó ń gba 85,000 sì lè máa rò pé òun á rọ́gbọ́n dá sí i. Ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù wo ló máa gba 33,333 lọ́wọ́ rẹ lópin oṣù? Gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí kọ́kọ́rọ́ tó dé ọwọ́ rẹ. 620,000 ju owó oṣù rẹ méje lọ, tí o kò bá jẹ, tí o kò mu, tí o kò wọ ọkọ̀.

Wo 220,000 tí wọ́n kó lé owó ilé lórí. Àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣàn tí wọ́n gbé sí 60,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ni. Èmi kì í gbà ju ìdá 10 lọ, n kò sì rí ìdí tó fi yẹ kí ẹnikẹ́ni gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ilé tí wọ́n fi wákàtí kan mú ọ lọ wò. Nípa kọ́ṣọ̀n, owó tìrẹ ni. Tí o bá ń kó jáde tí o kò ba nǹkan kan jẹ́, ó yẹ kó padà sọ́wọ́ rẹ. Nítorí náà, ilé yòówù kí o padà gbà, rí i dájú pé wọ́n kọ ọ́ sínú àgírímẹ́ǹtì pé kọ́ṣọ̀n á padà, kí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí wọ́n máa fi dá a padà. Lọ́jọ́ tí o bá wọlé, fi fóònù ya ògiri, fèrèsé, ẹ̀rọ omi àti ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí o fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ajẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ti rí ayálégbé tí wọ́n ní kó san owó fèrèsé tó ti fọ́ kí ó tó dé.

Bóyá o ti gbọ́ ọ rí pé kí owó ilé má ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù lọ. Láti Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Lọ́dún 1969, wọ́n ṣe òfin kan níbẹ̀ pé owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ilé ìjọba kò gbọ̀dọ̀ ju ìdá 25 owó tó ń wọlé fún wọn lọ. Lọ́dún 1981 wọ́n sún un sí ìdá 30. Ẹni tí ìjọba ń ràn lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe òfin náà fún, kí ilé má baà jẹ ẹ́ run. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni gbogbo ayé sọ ọ́ di ìmọ̀ràn fún tolówó tòtòṣì. Tí a bá lò ó fún ọ, ìdá 30 nínú 85,000 jẹ́ 25,500, ìyẹn 306,000 lọ́dún. Ẹni tó bá gbára lé ìṣírò yẹn máa ní kí o lọ wá ilé 300,000. Mo sì ń sọ fún ọ pé ilé 300,000 á mú ọ jẹ gbèsè.

Ìdí rẹ̀ ni pé ikùn kì í mọ iye tí èèyàn ń gbà. Ẹni tó ń gba 500,000 àti ìwọ, gàrí Ìjẹ̀bú kan náà lẹ jọ ń rà, iye kan náà ni kóńgò. Tí ìdá 30 bá kúrò lọ́wọ́ tiẹ̀, 350,000 ló kù fún un. Tí ó bá kúrò lọ́wọ́ tìrẹ, 59,500 ló kù, ibẹ̀ ni oúnjẹ, ọkọ̀, iná, ọṣẹ, oògùn àti màmá yóò ti máa du ara wọn. Torí náà, èmi kì í kọ́kọ́ yọ owó ilé. Ìgbẹ̀yìn ni mo máa ń fi í sí. Kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tí o kò lè ṣe aláìná, kí o wo ohun tó kù. Ohun tó kù yẹn ni ilé rẹ.

Jẹ́ ká ṣe é bí ẹni pé o ti kó dé Mákùn. Oúnjẹ, tí o bá ń dáná fúnra rẹ tí o sì ń gbé oúnjẹ lọ síbi iṣẹ́, mo fi sí 30,000. Má jẹ́ kí iye tó ò ń fún àǹtí rẹ tàn ọ́ jẹ. 15,000 yẹn, ìkòkò ilé wọn ló ń gbé e dúró. Iná mítà, gáàsì àti omi, 9,000. Dátà àti owó ìpè, 4,000. Ọṣẹ, ìpara, oògùn ibà, nǹkan obìnrin, 4,000. Màmá, 10,000, n kò sì ní ní kí o dín in kù. Ọkọ̀, 600 lọ́nà ọjọ́ 24, 14,400. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 71,400. Ohun tó kù nínú 85,000 ni 13,600. Sọ ọ́ di ọ̀nà méjìlá, 163,200 ni.

Ìyẹn ni ilé tí owó oṣù rẹ lè gbé: 163,200 lọ́dún. Ilé 400,000 fi 236,800 jù ú lọ. Kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi àwẹ̀ tàbí ìfaradà dí.

Kí o tó bínú sí mi, wo ohun kan nínú ìṣírò yẹn tó yẹ kó mú inú rẹ dùn. Láti Ìkẹ́nnẹ́, 36,000 ni ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ rẹ lóṣù. Láti Mákùn, 14,400. Ìyàtọ̀ 21,600 lóṣù jẹ́ 259,200 lọ́dún. Àbúrò mi, o ti ń san owó ilé. Àwọn awakọ̀ lo ń san án fún! Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí nìyí: owó ilé àti owó ọkọ̀, ìwé kan náà ni. Mo mọ àwọn tó sá kúrò ní Èkó wá gba ilé tó dínwó ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, tí wọ́n ṣì ń lọ sí Èkó lójoojúmọ́. Ohun tí wọ́n rí gbà lọ́wọ́ onílé, ọ̀nà márosẹ̀ ti gbà á padà lọ́wọ́ wọn, pẹ̀lú oorun wọn. Nítorí náà, kíkó tí o fẹ́ kó wá sí Ṣágámù bọ́gbọ́n mu. Ilé tí o mú nìkan ni kò bá ọ mu.

Kí ni 163,200 wá lè ṣe? Yàrá kan, nínú ilé tí yàrá dojú kọra wọn, tí ẹ jọ ń lo ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí o fọkàn sí. Àmọ́ yàrá kan tó jẹ́ tìrẹ, tí òjò kò wọ̀, tí o lè tilẹ̀kùn rẹ̀, yàtọ̀ sí fláàtì tí o máa fi oṣù mẹ́sàn-án sá pamọ́ fún lánlọ́ọ̀dù.

Tàbí kí ìwọ àti ẹnìkan jọ gba mínì-fláàtì. 200,000 ni tìrẹ, ìyẹn 16,667 lóṣù. 3,067 ló fi ju agbára rẹ lọ, tí ẹ bá sì jọ ń dáná, tí ẹ jọ ń ra gáàsì àti iná, ẹ̀ẹ́ rí i yọ níbẹ̀. Ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tí o mọ ìwà rẹ̀ sí owó, ni kí o wá. Kí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì wà nínú àgírímẹ́ǹtì. Kí ẹ sì ti sọ ọ́ ṣáájú pé tí ẹnìkan bá fẹ́ lọ sílé ọkọ láàárín ọdún, báwo ni owó rẹ̀ ṣe máa rí. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan tí mo bá gba ilé ní Ìjẹ̀bú-Òde kò sọ ìyẹn, wọn kò sì kí ara wọn mọ́ títí di òní.

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn ọmọdé kì í rántí, ilẹ̀ wa níbí ló sì ti wọ́pọ̀ jù. Rìn ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn Ojúde Ọba, kí o wo ilé ńláńlá tí géètì wọn ti padà tì. Èkó, Àbújá, ìlú òyìnbó ni àwọn tó kọ́ wọn wà. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìperu, ní Òde Rẹ́mọ, ní Ìkẹ́nnẹ́ tí o wà yẹn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú ilé wọ̀nyí, yàrá kan tàbí méjì wà tí wọ́n kọ́ fún ẹni tó ń ṣọ́lé. Onílé tí kò sí nílé kò wá owó gọbọi níbẹ̀. Ẹni tí kò ní ta ẹrù ilé, tó máa tan iná lálẹ́, tó máa pe òun tí páànù bá ṣí, ló ń wá. Mo ti fi èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ oṣù sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Ajẹ́ǹtì kì í polówó wọn, torí kọmíṣàn ibẹ̀ kéré. Àǹtí rẹ, àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àwọn ẹgbẹ́ àǹtí rẹ lọ́jà ni kí o bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, kó hàn pé ayálégbé ni ọ́, iye tí ò ń san àti ìgbà tí ó máa parí.

Níbi ilé ẹbí ni mo ti fẹ́ kí o ṣọ́ra jù. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, kí n tó mọ̀ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí, mo gba yàrá kan nínú ilé ẹbí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọmọkùnrin bàbá tó kọ́lé ló gba owó ọdún kan lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní rísíìtì, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi. Oṣù kejì kò tíì pé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin méjì fi dé láti Èkó pẹ̀lú olórí ẹbí. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta ló ni ilé náà, pé àbúrò àwọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá gbowó. Wọn kò lé mi, àánú mi ṣe wọ́n, ṣùgbọ́n mo san ìdajì owó náà lẹ́ẹ̀kejì. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń jẹ gàrí ní alẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, tí wọ́n bá ti sọ fún mi pé ilé ẹbí ni, ohun tí mo máa ń béèrè ṣáájú ni pé: ta ni ẹbí yàn láti máa gbowó, ṣé mo sì lè rí olórí ẹbí?

Ní ti owó tí o máa kó kalẹ̀, ká ní o rí yàrá kan ní 160,000, tí àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣàn jẹ́ ìdá 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan. 192,000 ni gbogbo rẹ̀. Ní báyìí tí o ṣì wà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ, ò ń san ọkọ̀ 36,000, 15,000 fún oúnjẹ, 10,000 fún màmá, ká fi 8,000 sí dátà àti ọṣẹ: 69,000. 16,000 ló yẹ kó máa kù. Ní oṣù méjìlá, 192,000 gééré. Fún mínì-fláàtì 620,000, ó lé ní ọdún mẹ́ta, kí ó tó di ìgbà yẹn, wọn kò ní pè é ní 400,000 mọ́.

Àjọ ni kí o fi kó o jọ, àwa tí a jẹ́ Ìjẹ̀bú kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa. Àjọ èèyàn méjìlá, 16,000 lóṣù, ẹni kan á máa kó 192,000. Àjọ nìkan ni mo mọ̀ tó bá owó ilé wa dọ́gba ní ìrísí: oṣù-oṣù ló ń wọlé, lẹ́ẹ̀kan ló ń jáde. Ṣùgbọ́n má bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí o kọ́kọ́ kó. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo kó o ní oṣù kìn-ín-ní, o ti kó lọ sínú yàrá, 13,600 ló máa kù lọ́wọ́ rẹ lóṣù, wọ́n á sì máa retí 16,000. Ẹ̀yìn pátápátá ni kí o wà, oṣù kejìlá. Nígbà tí o bá ti wọlé tán, bẹ̀rẹ̀ òmíràn lóṣù náà gan-an, ti 13,500 lóṣù: 162,000 ni ìyẹn, ó sì ti san owó ilé ọdún kejì. Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ pé kí o má fọwọ́ kàn ni owó yíyá orí fóònù. Èlé wọn kò dúró de oṣù, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ èébú ránṣẹ́ sí ọ̀gá ibi iṣẹ́ ẹni tó jẹ wọ́n.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kì í ṣe àìmọ owó ná ló kó ọ sínú èyí. 18,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí òfin là sílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí lọ́dún 2011. Ó di 30,000 ní 2019, ó di 70,000 ní 2024, ìjọba Ògùn sì kéde 77,000 fún àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn. Òfin náà kò kan ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣágámù àti Ìjẹ̀bú ti ń ṣiṣẹ́: ṣọ́ọ̀bù, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, ilé ìtajà oògùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún 2023, ọkọ̀ àti oúnjẹ ti sáré kọjá owó oṣù. Ilé náà kò dúró, pàápàá ní Ṣágámù níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sí Bìní, tí àwọn tó ń gbowó Èkó sì ń bá ọ du yàrá kan náà. Ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló ń fa owó ilé sókè. Ó dùn mí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 24 lóṣù kò lè dá gba yàrá àti pálọ̀. Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní Amẹ́ríkà, owó wákàtí kan tó kéré jù ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní dọ́là 7.25 láti 2009, owó ilé kò sì dúró dè é.

Ohun kékeré kan tún wà tí ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́. Láti oṣù kìn-ín-ní 2026, òfin owó orí tuntun kò gba nǹkan kan lórí 800,000 àkọ́kọ́ tó wọlé fún èèyàn lọ́dún, ó sì gbà kí o yọ ìdá 20 owó ilé tí o san kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó orí, àmọ́ ohun tí wàá yọ kò gbọ̀dọ̀ ju 500,000 lọ. Fún yàrá 160,000, 32,000 ni wàá yọ, 4,800 náírà ni yóò sì dín nínú owó orí rẹ lọ́dún. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n gáàsì ni. Rísíìtì ló ń gbà á, nítorí náà má san owó ilé láìgba rísíìtì, kí o sì mú un fún ẹni tó ń ṣe owó oṣù níbi iṣẹ́ rẹ.

Àti pé tí o bá ti di ayálégbé, kò sí onílé tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ju ẹrù rẹ síta tàbí ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ láìgba àṣẹ kóòtù. Bí àgírímẹ́ǹtì kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí ẹni tó ń san owó ọdọọdún. Ka àgírímẹ́ǹtì rẹ níbi tí wọ́n kọ ìyẹn sí, kí o tó fọwọ́ sí i.

Ní ti ajẹ́ǹtì yẹn, má sá fún un, ó lè ṣe ọ́ láǹfààní. Pè é, sọ fún un pé ilé Mákùn ju agbára rẹ lọ, pé yàrá kan tí kò ju 160,000 lọ lo fẹ́, pé ìdá 10 lo máa san fún kọmíṣàn, àti pé oṣù méjìlá sí i lo máa ṣe tán. Tó bá ní kí o mú ohun díẹ̀ wá kí òun fi dì í mú fún ọ, má mú un. Tó bá sì rí yàrá nígbà tí àsìkò bá tó, lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá, kí o wo àjà, kí o wo ọ̀nà tó wọlé, kí o béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà nínú ilé bóyá gbèsè iná wà lórí mítà.